Ọmọ Ìpele Kẹta

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni ọkùnrin yìí ń ṣe, Atẹ̀wé sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà: ẹ̀rọ ńlá méjì tó ń dún gbà-gbà-gbà láti àárọ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gé etí ìwé, àti òórùn yíǹkì tó ti wọ inú ògiri débi pé oníbàárà tó bá jókòó fún wákàtí kan yóò gbé e lọ sílé nínú aṣọ rẹ̀. Atẹ̀wé gba ohun tó wà lórí ìwé gbọ́ ju ohun tí ẹnu sọ lọ. A máa wí pé ẹnu lè yẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a bá ti tẹ̀, ó ti tẹ̀ nìyẹn. Ìgbàgbọ́ yìí ló kó bá a.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, ọmọbìnrin. Ọmọ náà pé ọdún mẹ́rin, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Bí inú rẹ̀ bá dùn, tàbí tí ẹ̀rù bá bà á, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á máa fò pẹ́pẹ́pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Nítorí ọwọ́ yẹn ni ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é ní Labalábá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nínú yàrá tí wọ́n gbà wọ́n sí, iná funfun kan wà lókè tó ń kùn bí oyin. Kí bàbá àti ìyá tó rí àga jókòó, ọmọ ti di etí, ó ti wọ abẹ́ tábìlì, ó ń ké. Dókítà na àwòrán ajá sí i, na àwòrán bọ́ọ̀lù sí i, kò wo ìkankan. Wọn ò lò tó wákàtí kan níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n gbé jáde, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀: ọ́tísìmù, ìpele kẹta. Nísàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé, a kò lè wọn ọpọlọ rẹ̀.

Atẹ̀wé béèrè pé ìpele mélòó ló wà. Dókítà ní mẹ́ta ni. Ó béèrè pé èwo ni ẹ̀kẹta nínú wọn. Dókítà ní òun ló wúwo jù, ó sì pe ẹni tó kàn wọlé.

Bí ipò ní kíláàsì ni Atẹ̀wé ṣe gbọ́ ọ. Bí ọmọ mẹ́ta péré bá wà ní kíláàsì tí tìẹ sì gbé ipò kẹta, kí lo tún fẹ́ máa bi tísà? Ní ti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, ohun tí ọkàn rẹ̀ kà síbẹ̀ ni pé kò sí ọpọlọ kankan tí wọn ì bá wọ̀n. Ó ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò àyà, kò sì bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè mọ́ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ìyá Labalábá ní tiẹ̀ kò ka ìwé dókítà sí. Láti àárọ̀ ni yóò ti máa bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀: ohun tó fẹ́ sè, ẹni tó bá a jà lọ́nà, ìdí tí òjò fi ń rọ̀. Bó bá ń ka ìwé, á gbé e sí àárín àwọn méjèèjì, á máa fi ìka tọ ìlà. Ọkọ rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti rí ẹni tí kò ní já ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu láéláé. Obìnrin náà á ní, "Ó ń gbọ́ mi." Atẹ̀wé á padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Lójú tiẹ̀, ìfẹ́ abiyamọ ni, kò sì sí ẹni tí í bá abiyamọ jiyàn ọmọ.

Bí Labalábá ṣe ń dàgbà, abẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ni ó máa ń jókòó. Atẹ̀wé á kó àwọn ìwé tó bàjẹ́ fún un, èyí tí yíǹkì dà sí tàbí tí a tẹ̀ ní àṣìṣe, òun náà á sì máa ṣẹ́ wọn po, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí yóò fi èékánná tẹ ojú ìṣẹ́po títí tí yóò fi mú bí ọ̀bẹ. Ó máa ń kùn wúyẹ́wúyẹ́ bó bá ń ṣe é. Kò lè dá wẹ̀. Kò lè sọdá títì láìsí ẹni tó mú un lọ́wọ́. Bí ariwo bá pọ̀ jù, á gé ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde. Àwọn oníbàárà á sọ̀rọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni sọ̀rọ̀ gba orí àga kọjá. Wọ́n á bi Atẹ̀wé pé, "Báwo ni tibí yìí?" Á ní, "A wà bẹ́ẹ̀."

Labalábá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Oṣù mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ gbà. Lọ́jọ́ ìsìnkú, aládùúgbò kan ni wọ́n fi ọmọ tì, nítorí wọ́n ní kò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ariwo èrò sì lè ru ú sókè. Ọ̀sán ni wọ́n ti ibi ìsìnkú dé. Atẹ̀wé àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó sí pálọ̀, erùpẹ̀ ṣì wà lára bàtà wọn. Labalábá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún ọmọ náà. Atẹ̀wé ní kí wọ́n má wulẹ̀ da ara wọn láàmú, kí ni yóò fi yé ẹni tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bí ó bá ń wá ìyá rẹ̀, kí wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Ẹ̀gbọ́n mi orí, ó ní bóyá bẹ́ẹ̀ ló sàn. Lẹ́yìn náà ni ohun kan ru jáde látinú Atẹ̀wé, ìbànújẹ́ ni, ìbínú sì ni pẹ̀lú, ó sì fi àgbọ̀n júwe ọmọ rẹ̀.

Ó ní, "Tí ikú bá tiẹ̀ fẹ́ mú èèyàn nílé yìí, ṣé kò rí èyí ni?"

Ẹ̀gbọ́n ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni Labalábá ti ń dúró sí iwájú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí yóò máa fi orí kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí wọ́n bá fà á kúrò, á ké títí ohùn rẹ̀ yóò fi há. Bàbá rẹ̀ á ní, "Màmá rẹ rìnrìn àjò, ó ń bọ̀." Igbe á le sí i. Dókítà mìíràn ní àìsàn rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i, ó kọ oògùn tó ń mú un sùn fún un. Odidi ọdún kan ni ọmọ náà fi ń tòògbé lábẹ́ fèrèsé. Kò sí ẹni tó ronú kan ọ̀fọ̀. Ta ni yóò sọ pé ẹni tí kò mọ̀ pé ikú wà ń ṣọ̀fọ̀?

Ọdún márùn-ún kọjá. Ilé ìtọ́jú kan wà ní òpópónà kejì tí Labalábá máa ń lọ lọ́sàn-án, olùkọ́ tuntun kan sì dé síbẹ̀, obìnrin tí kò tíì tó ogójì ọdún, tó máa ń wọ bàtà pẹlẹbẹ tí kì í dún. Tísà ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun fẹ́ mọ ilé ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó sì wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé kan. Kò kí Atẹ̀wé tán tó fi yà sí abẹ́ fèrèsé, tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tó kí Labalábá lórúkọ. Lẹ́yìn náà ni ó mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí ọmọ náà ti ṣẹ́ po. Ó mú òmíràn. Ó mú ẹ̀kẹta, ó wá dìde lọ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

Ó ní, "Bàbá Labalábá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ ọ láti máa ṣẹ́ ìwé báyìí?"

Atẹ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó ní eré tó ń ṣe nìyẹn láti kékeré, pé bí ò bá rí ìwé ṣẹ́, ilé ò ní gbà wọ́n.

Tísà tẹ́ ọ̀kan sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ìwé ìpolówó ilé-ìwé kan ni. Atẹ̀wé rántí iṣẹ́ náà dáadáa, nítorí igba ẹ̀dà ni ọ̀gá ilé-ìwé náà dá padà mọ́ ọn lọ́wọ́. Dípò "ilé-ìwé wa dára", ohun tó tẹ̀ ni "ilé-ìwẹ̀ wa dára". Ọ̀gá náà bi í bóyá balùwẹ̀ lòun ní kó bá òun polówó. Ojú ìṣẹ́po Labalábá kò sí láàárín ìwé bí ti gbogbo èèyàn. Abẹ́ ìlà "ilé-ìwẹ̀" gan-an ló gbà kọjá.

Wọ́n tú òmíràn: káléńdà tí oṣù kejì rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́. Abẹ́ ọgbọ̀n ló ṣẹ́ ẹ sí. Wọ́n tú òmíràn, àṣìṣe tó wà níbẹ̀ kéré débi pé Atẹ̀wé fúnra rẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí i. Ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, níbi tí ó ti ń kó àwọn ìwé náà jọ láti fi dáná sun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ó jókòó sórí ilẹ̀ láàárín ìwé. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a tún iṣẹ́ rẹ̀ yẹ̀ wò, òun sì ń kó o dà sínú iná.

Tísà gbé ìdánwò kan wá tí kò nílò ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwòrán ni, tí apá kan sọnù lára rẹ̀, kí ẹni tó ń ṣe é fi ìka tọ́ka sí èyí tó bá ibẹ̀ mu. Kò ṣe é ní wákàtí kan. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ṣe é, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú iná pípa àti fèrèsé ṣíṣí, tí ó bá rí i pé ọwọ́ ọmọ fẹ́ dé ẹnu, á ká ìwé rẹ̀, ó di ọ̀la. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ tán, ó wá jókòó pẹ̀lú Atẹ̀wé. Ó sọ fún un pé bí a bá to ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ Labalábá sílẹ̀, bóyá mẹ́fà ni yóò lè ro ìrònú kọjá tiẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Atẹ̀wé ni pé, "Ẹ bá mi yọ ìpele kẹta yẹn kúrò lára ọmọ mi."

Tísà ní kò ṣe é yọ. Atẹ̀wé ní kí ló dé, ṣé ẹni tó gbọ́n tó báyìí ni wọ́n ṣì ń pè ní ìpele kẹta?

Tísà ní, "Bàbá, ìpele kò wọn ọpọlọ. Ìrànlọ́wọ́ ló ń wọ̀n. Ṣé ó ti lè dá wẹ̀? Ṣé ó ti lè dá sọdá títì? Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ó gba ẹni tó ń dì í lọ́wọ́ mú kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìyẹn." Ó gbé ìwé àtijọ́ tí dókítà kọ, èyí tí Atẹ̀wé ti fún un, sókè, ó fi ìka sí ìlà ìsàlẹ̀. "Wọ́n ní àwọn ò lè wọ̀n ọ́n. Wọn ò sọ pé kò sí níbẹ̀."

Nígbà náà ni ó sọ ti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fún Atẹ̀wé. Òun náà ní ọ́tísìmù, ìpele kìíní ni wọ́n kọ fún un. Ọ̀gbọ́ntarìgì ni nínú ìṣirò, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Nítorí ọpọlọ yẹn, kò sí ẹni tó gbà pé nǹkan ń ni í lára. Ibi iṣẹ́ ní ọ̀lẹ ni. Ilé ní ìgbéraga ni. Tísà fúnra rẹ̀ sọ fún un pé orí tó pé tó báyìí, kò yẹ kó máa gbàgbé oúnjẹ. Àbúrò náà há mọ́ inú yàrá kan tó háyà, ó ń rù, ó ń rù, kò sì ké sí ẹnikẹ́ni, nítorí gbogbo ènìyàn ti sọ fún un pé kò nílò ẹnikẹ́ni.

Tísà ní, "Ọdún kẹta rèé tí a sin ín. Ọpọlọ kò gbà á là. Kò sì yẹ kó jẹ́ pé ìgbà tí ọmọ yín bá gbọ́n lẹ óò tó máa bá a sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ká ní odo ló gbà nínú ìdánwò yìí ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ti dé sí Atẹ̀wé lọ́kàn, ó sì dúró síbẹ̀.

Àpótí kan wà ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tó kún fún lẹ́tà onígi, tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ńláńlá láyé àtijọ́. Tísà ní kó gbé e wá, kó sì jókòó jìnnà díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọmọ náà. Labalábá wo àwọn lẹ́tà náà pẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ fò, ó fò, ó wá balẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n sórí tábìlì. Àwọn lẹ́tà àtijọ́ náà kò ní àmì, nítorí náà ó ń ya etí ìwé pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́, ó ń fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan ṣe àmì ohùn sórí lẹ́tà àti àmì ìsàlẹ̀ wọn, kò sì fi ìkankan sílẹ̀. Ó lé ní ìdajì wákàtí kí ó tó tò ó tán.

IBO NI Ẹ SIN MÀMÁ MI SÍ?

Atẹ̀wé kà á. Ó tún un kà. Tísà ni ó sọ fún un ní jẹ́jẹ́ pé ọmọ náà ń dúró de èsì. Atẹ̀wé dárúkọ ibẹ̀. Ó ní ìta ìlú ni, lẹ́yìn ògiri funfun. Lẹ́yìn náà, nítorí pé kò lè gbé e mọ́, ó béèrè ohun tí ì bá fi gbogbo ara sá fún.

Ó ní, "Ọjọ́ tí a sin ín, ní pálọ̀... ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé o gbọ́ ọ?"

Labalábá kò wo ojú rẹ̀. Kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó kó lẹ́tà ti àkọ́kọ́ kúrò, ó tún to òmíràn. Kò gùn.

ÈMI NI ÈYÍ.

Atẹ̀wé kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, níwájú ọmọ tó bí. Ó ní kó dárí ji òun, pé àìmọ̀ ni, pé ìbànújẹ́ ni. Ó sọ gbogbo ohun tí ènìyàn lè sọ. Labalábá gbọ́ ọ títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ni ó dá àwọn lẹ́tà padà sínú àpótí, A, B, D, ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, ó sì pa ìdérí rẹ̀ dé.

Wọ́n mú un lọ sí ibojì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ọwọ́ náà kò sì fò rárá. Nígbà tí bàbá rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, nítorí náà Atẹ̀wé padà sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró sínú oòrùn, ó ń wò ó láti òkèèrè. Ọdún márùn-ún ni ó fi ń lọ síbẹ̀ ní òun nìkan. Kò tíì ronú rí pé ẹlòmíràn wà tí ibẹ̀ kàn jù ú lọ.

Ó rò ó fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n sunkún, ó ní kí ó fún ọmọ ní àkókò, pé ẹ̀jẹ̀ kì í di omi. Ṣùgbọ́n lóṣù tó tẹ̀ lé e, Labalábá tò ó síwájú Tísà pé òun fẹ́ máa gbé ní ilé ìtọ́jú náà, níbi tí yàrá mẹ́fà wà fún àwọn tó ń sùn síbẹ̀. Tísà bi í lẹ́ẹ̀mẹta, lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bóyá ohun tó fẹ́ nìyẹn. Èsì kan náà ni. Atẹ̀wé fọwọ́ sí ìwé náà. Lórí rẹ̀ ni wọ́n tún kọ ọ́ sí: ìpele kẹta, nílò ìrànlọ́wọ́ nígbà gbogbo. Lọ́tẹ̀ yìí ó kà á bí ó ṣe rí, ó sì dùn ún pé òun kọ́ ni ọmọ fẹ́ kó ran òun lọ́wọ́.

Gbogbo Sátidé ló ń lọ síbẹ̀ báyìí. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń sá aṣọ. Ọjọ́ mìíràn Labalábá kì í jáde. Ọjọ́ tó bá jáde, á jókòó sí ìkangun kejì. Kò tíì to lẹ́tà kan fún bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, bàbá náà kò sì béèrè. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ fún un, díẹ̀díẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún un: ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, ohun tí dókítà sọ, bí ìyá rẹ̀ ṣe bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú Labalábá wá sí ilé ìwòsàn kí òun rí i, àti bí òun, Atẹ̀wé, ṣe ní kò wúlò.

Ibẹ̀ ló dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Labalábá dìde, ó wọlé, kò padà jáde. Atẹ̀wé jókòó títí tí wọ́n fi ká aṣọ kúrò lórí okùn.

Lọ́sẹ̀ yìí ó tún lọ. Ó jókòó sí ìkangun tiẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà jáde wá, tó jókòó, tó kọ ojú sí ògiri, bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ibi tí ó ti dúró.